Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Jẹ́ Oníbodè Ọ̀rọ̀?

Ìlú tí ó ní odi kò lè ṣe aláìní ibodè, ibodè kò sì lè ṣe aláìní oníbodè. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí àwọn baba wa. Ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìjẹ̀bú, oníbodè ni ó ń mọ ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó jáde. Òun ni ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ aláàárù àti oníṣòwò. Òun náà ni ó ń ti ìlẹ̀kùn nígbà tí ogun bá ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ó bá a jà nítorí pé ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ogun. Oníbodè tí àwọn ènìyàn ń kùn sí ni ẹni tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ aláìṣẹ̀, tàbí tí ó ń gbà ju ohun tí ìlú fi lé e lọ́wọ́ lọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń bi ara wa léèrè lónìí bí ó bá tọ́ kí ìjọba fi òfin de ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lórí ayélujára, tí àwọn mìíràn ń pè ní íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè àtijọ́ ni a ń bi. Èmi kò rò pé ìbéèrè náà ni bóyá kí ibodè wà tàbí kí ó má wà. Ohun tí ó yẹ kí a bi ni pé: ta ni a fi síbẹ̀, àṣẹ ta ni ó ń lò, ta ni yóò sì pè é lẹ́jọ́ bí ó bá ṣi agbára rẹ̀ lò?

Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ ibodè kankan rárá. Ní 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìlànà wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀ ní CERN, ilé ìwádìí tí ó wà lẹ́bàá ìlú Geneva. Nígbà tí ilé ìwádìí náà yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Oṣù Kẹrin 1993, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé a ti rí ìlú kan tí kò ní odi. Ní 1996, ará Amẹ́ríkà kan, John Perry Barlow, kọ ìkéde kan ní Davos, nínú èyí tí ó ti sọ fún àwọn ìjọba ayé pé wọn kò ní àṣẹ kankan níbẹ̀. Ìkéde náà dùn ún kà, ìfẹ́ òmìnira tí ó wà nínú rẹ̀ sì yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kọ̀wé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kì í pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ a máa pa ènìyàn, àwa ní Nàìjíríà sì ti rí i.

Ní ọjọ́ 20 Oṣù Keje 2014, àrùn Ebola wọ Èkó láti ara arìnrìn-àjò kan tí ó ti Làìbéríà wá. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà kí aláìsàn náà jáde kúrò ní ilé ìwòsàn wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Òun fúnra rẹ̀ kú nínú àrùn náà ní ọjọ́ 19 Oṣù Kẹjọ. Ẹ̀rù ńlá wà lórí ìlú. Ní òru ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹjọ náà, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láti orí tẹlifóònù kan dé òmíràn, pé kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé òun ni oògùn Ebola. Ìyá jí ọmọ, ọmọ tẹ ìyá láago ní abúlé, aládùúgbò kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Kí a má tan ara wa jẹ: fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ìkórìíra ni ó gbé irọ́ yìí rìn, ìfẹ́ ni. Olúkúlùkù rò pé òun ń gba ẹni tí òun fẹ́ràn là. Àwọn ìwé ìròyìn sọ lẹ́yìn náà pé ènìyàn méjì ni ó kú nítorí iyọ̀ àmujù, tí a sì gbé nǹkan bí ogún lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn àgbà wa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo gba òwe náà gbọ́, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí kò sọ. Kò sọ iye àwọn tí irọ́ yóò ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà kí òtítọ́ tó bá a. Ẹni tí ó bá ń gbèjà òmìnira ọ̀rọ̀, tí kò sì rántí àwọn òkú iyọ̀ wọ̀nyí, kò tíì ro ọ̀ràn náà dé ìdí. Síbẹ̀ ohun kejì wà nínú ìtàn yìí tí àwọn tí ń fẹ́ kí a ti ọ̀nà pa kì í sábà mẹ́nu kàn. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn dókítà, Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ké sí gbogbo ènìyàn pé irọ́ ni. Ojú ọ̀nà kan náà tí irọ́ gbà wá ni ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ náà gbà lé e. Bí a bá ti ọ̀nà náà pa lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, irọ́ tí ó ti wọlé lóru kò ní jáde. Òtítọ́ nìkan ni yóò dúró lẹ́yìn odi.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, kí a sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún méje lẹ́yìn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ ọ̀rọ̀ kan sórí Twitter, nínú èyí tí ó ti mẹ́nu kan ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970, tí ó sì fi kìlọ̀ fún àwọn tí ó pè ní oníwà àìtọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù náà, ilé iṣẹ́ Twitter yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Wọ́n ní ó lòdì sí ìlànà àwọn. Ní ọjọ́ 4, Mínísítà Ìròyìn, Lai Mohammed, kéde pé ìjọba ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà, nítorí pé àwọn kan ń lò ó fún ohun tí ó lè ba orílẹ̀-èdè jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 5 fi mọ́, àṣẹ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, wọ́n sì ti ti ọ̀nà náà. Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba, Abubakar Malami, tún pàṣẹ pé kí a gbé ẹni tí ó bá ṣì ń lò ó lọ sí ilé ẹjọ́. Ọ̀nà náà wà ní títì títí di ọjọ́ 13 Oṣù Kínní 2022, èyí tí ó lé ní oṣù méje.

Ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè pé ta ni ó jìyà. Kì í ṣe òpùrọ́. Òpùrọ́ wá ọgbọ́n kan tí a ń pè ní VPN, èyí tí í mú kí ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn dà bí ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì fo odi. Ẹni tí ó bẹ̀rù òfin ni ó jókòó sílé: obìnrin tí ń polówó aṣọ rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́, ẹni tí ń wá ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn. Òfin tí ó ń yọ ẹni tí kò bẹ̀rù rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń mú ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún un, irú òfin wo ni?

Àwa tí a ń dúró níwájú kíláàsì mọ irú ìdájọ́ yìí dáadáa. Ọmọ kan súfèé nígbà tí olùkọ́ kọjú sí pátákó. Olùkọ́ kò mọ ọmọ náà, kò sì fẹ́ ṣe wàhálà àti mọ̀ ọ́n. Ó ní kí gbogbo kíláàsì kúnlẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀kọ́ tí ogójì ọmọ kọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà: wọ́n kọ́ pé ìwà rere kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyà, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ fi gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ẹni tí ó súfèé nìkan ni ó jèrè, nítorí pé ó fi ara pamọ́ sáàrin àwọn tí wọ́n ń jìyà rẹ̀. Èmi kò mọ olùkọ́ tí ó fi ìyà àpapọ̀ sọ kíláàsì rẹ̀ di ẹni rere.

Ní ọjọ́ 14 Oṣù Keje 2022, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìdádúró Twitter náà kò bá òfin mu, ó sì rú ẹ̀tọ́ tí àwọn ènìyàn ní láti sọ̀rọ̀ àti láti gbọ́ ìròyìn. Ìdájọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ó dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí a ti ṣí ọ̀nà náà. Ohun tí a ti gbà lọ́wọ́ ènìyàn fún oṣù méje kò sí ilé ẹjọ́ tí ó lè dá a padà.

Kì í ṣe ìgbà tiwa yìí ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, àwọn ènìyàn wa ti mọ agbára bébà; kò sì pẹ́ tí àwọn aláṣẹ náà fi mọ̀ ọ́n. Ní 1903 wọ́n ṣe òfin kan ní Èkó lórí ìwé ìròyìn, ní 1909 wọ́n ṣe òmíràn lórí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Sapara Williams, amòfin ńlá nì, tako èyí kejì nínú ìgbìmọ̀. Ní 1928 a pe Herbert Macaulay lẹ́jọ́ nítorí ìròyìn kan tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde, pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa Eléko Èṣùgbàyí. A sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Èmi kò sọ pé ìdájọ́ náà tọ́. Àwọn tí ó ṣe òfin náà kì í ṣe ẹni tí àwọn ará Èkó yàn, wọ́n sì ti ń wá ọ̀nà àtimú ọkùnrin náà tipẹ́. Síbẹ̀ ẹ kíyè sí i: ẹnì kan ni a pè, a ka ẹ̀sùn sí i létí, adájọ́ sì jókòó kí a tó fi ìyà jẹ ẹ́. A kò sọ pé kí gbogbo Èkó má ka ìwé ìròyìn mọ́ fún oṣù méje. Ó jẹ́ ohun ìtìjú fún wa pé àwọn àjèjì tí ó gba ilẹ̀ wa ṣe ju àwọn tí a fi ìbò yàn lọ nínú ọ̀ràn kan ṣoṣo yìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Ní Tógò, ní Oṣù Kẹsàn-án 2017, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wọ́de lòdì sí Ààrẹ Faure Gnassingbé, ìjọba gé ayélujára. Ní Oṣù Kẹfà 2020 Ilé Ẹjọ́ ECOWAS sọ pé wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Benin, ní ọjọ́ 28 Oṣù Kẹrin 2019, ọjọ́ ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nínú èyí tí kò sí ẹgbẹ́ alátakò kankan tí ó lè kópa, ayélujára kú jákèjádò ilẹ̀ náà. Ọjọ́ tí ó yẹ kí aráàlú sọ̀rọ̀ jù lọ ni oníbodè yàn láti ti ìlẹ̀kùn. Mo fẹ́ kí àwọn tí ń sọ pé ìjọba kì í ti ọ̀nà bí kò ṣe nítorí ààbò, kí wọ́n ro ọjọ́ tí wọ́n yàn yẹn dáadáa.

Wọ́n lè wí pé: bí a kò bá gbọ́dọ̀ ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí a ṣe òfin tí yóò mú ẹni tí ó ṣẹ̀ nìkan. Mo gbà bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n irú òfin wo? Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn ayélujára, ti 2015, ní ẹsẹ kan, ẹsẹ 24, tí ó sọ pé ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ pé irọ́ ni ránṣẹ́ láti mú ẹlòmíràn bínú, tàbí láti ni í lára, tàbí láti tàbùkù rẹ̀, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kí ó san mílíọ̀nù 7 náírà. Láti mú ẹlòmíràn bínú! Ta ni yóò wọn ìbínú náà, òṣùwọ̀n wo ni yóò sì fi wọ̀n ọ́n? Ìbínú gómìnà kò ga ju ti àgbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìbínú gómìnà ni ó ní ọlọ́pàá lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí: àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹni ńlá ni a ń fi ẹsẹ náà mú. Ilé Ẹjọ́ ECOWAS sọ ní 2022 pé ó tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, a sì tún un kọ ní Oṣù Kejì 2024, kí ó lè jẹ́ pé irọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu ni yóò mú. Ìyẹn sàn jù púpọ̀. Òfin tí ó ṣọ́ ẹ̀mí yàtọ̀ sí òfin tí ó ṣọ́ iyì àwọn aláṣẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bíi “dídá ìlú rú” ṣì gbòòrò ju bí mo ti fẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n títí di ìsinsìnyí, ìjọba nìkan ni a ti ń bá wí, bí ẹni pé òun nìkan ni ó dúró lẹ́nu ibodè. Ọ̀tọ̀ ni oníbodè kejì, ẹni tí kò sí ìlú tí ó yàn án. Ní ọjọ́ 8 Oṣù Kínní 2021, Twitter lé Donald Trump, tí ó ṣì jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Ní Oṣù Kẹwàá 2022, Elon Musk fi bílíọ̀nù 44 dọ́là ra ilé iṣẹ́ náà. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ó dá Trump padà. Ní 2023 ó sọ orúkọ rẹ̀ di X. Bóyá o fẹ́ràn Trump tàbí o kò fẹ́ràn rẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí ó kàn án ni pé ilẹ̀kùn tí a tì nítorí pé àwọn kan fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a tún ṣí nítorí pé ẹlòmíràn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí adájọ́ tí ó jókòó láàrin wọn.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, oníbodè kejì yìí a máa sùn. Ní ilẹ̀ Myanmar, ní 2017, àwọn ọmọ ogun lé ọ̀kẹ́ àìmọye àwọn Rohingya kúrò nílé wọn, wọ́n sì pa púpọ̀ nínú wọn, lẹ́yìn tí a ti fi ọdún púpọ̀ gbin ìkórìíra wọn sórí Facebook. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà ní Oṣù Kọkànlá 2018 pé òun kò ṣe tó bí ó ti yẹ láti dí i lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí ó gbọ́ èdè Burma lára àwọn tí ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà kéré jọjọ. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá, ẹ ro èyí wò. Báwo ni oníbodè tí kò gbọ́ èdè wa yóò ṣe mọ ìyàtọ̀ láàrin èpè àti àwàdà, láàrin ẹ̀sìn tí a ń bú àti orin ìbílẹ̀ tí a fi ń ṣeré, láàrin òwe àti ìhàlẹ̀? Yóò pa àwàdà lẹ́nu mọ́, yóò sì jẹ́ kí ìhàlẹ̀ kọjá.

Nínú àwọn òfin tí mo ti rí, ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí a ṣe ní 2022, ni ó súnmọ́ ohun tí mò ń sọ jù lọ lórí kókó yìí. Ó ní kí ilé iṣẹ́ tí ó bá yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan kúrò sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí ó sì fún un ní ọ̀nà láti pe ìpinnu náà níjà. Ohun kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin oníbodè àti ọlọ́ṣà ojú ọ̀nà nìyẹn: oníbodè gbọ́dọ̀ sọ ìdí.

Èyí tí ó le jù lọ ṣì wà níwájú. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ irọ́ kò sí ní gbangba mọ́. Inú WhatsApp ni ó wà, láàrin ẹbí, láàrin ẹgbẹ́ akọrin, láàrin àwọn òbí kíláàsì kan. Láti 2016 ni a ti fi èdìdì di àwọn lẹ́tà wọ̀nyí tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tí ń gbé wọn kò lè kà wọ́n. Ẹ̀rọ sì ti wà nísinsìnyí tí í sín ohùn ènìyàn jẹ, tí ó lè mú kí ó dà bí ẹni pé bíṣọ́ọ̀bù tàbí dókítà kan ni ó ń pàṣẹ iyọ̀. Nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀, àti nítorí àwọn tí ń fi lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ ba ọmọdé jẹ́, èyí tí í ṣe ohun ìríra, àwọn ìjọba kan ń fẹ́ kí a tú èdìdì náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, tí wọ́n sì ń kọ̀wé sí wa lójoojúmọ́, òfin 2023 fi àyè irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, WhatsApp àti Signal sì kọ̀ ọ́.

Èmi náà kọ̀ ọ́, kì í sì ṣe pé mi ò rí ewu náà. Bí a bá fura sí ẹnì kan, kí adájọ́ fọwọ́ sí ìwé, kí a gba tẹlifóònù rẹ̀, kí a ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe sí ilé olè láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tí ó ṣí gbogbo lẹ́tà gbogbo ènìyàn, ìyá sí ọmọ, ọkọ sí aya, ẹlẹ́rìí sí amòfin, yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn tí a fi í lé lọ́wọ́ bá ti lọ, tí àwọn mìíràn tí a kò tíì mọ orúkọ wọn bá dé ipò wọn.